Kí ló dé tí relay ń tan-kú, tan-kú bí pọ́ǹpù bá ti gbéra?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Àsèrò, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, àmọ́ bó ṣe sọ ọ́ náà nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ń ṣe àdìrẹ, omi sì ni wọ́n ń lò jù. Bí táńkì ò bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, á gbẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ni mo bá ní kí n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa tan pọ́ǹpù kànga fúnra rẹ̀. Arduino Uno, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù, ni mo lò, pẹ̀lú relay volt 5 (swíìshì tí iná kékeré ń tan), transistor BC547 kan tó ń tan relay, àti resistor 10k, tó ń dín iná kù, láàárín Arduino àti transistor. Tránsfọ́mà volt 9, diode mẹ́rin (ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà nínú wọn), capacitor 470 microfarad tó ń tọ́jú iná, àti 7805 tó ń sọ volt di 5, ló ń fún gbogbo wọn ní iná. Wáyà méjì ni mo sọ sínú táńkì. Lórí tábìlì, gílóòbù ni mo fi dán an wò, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe so ó mọ́ pọ́ǹpù horsepower 1 tó wà nílé, á tan, á kú, á tún tan, á tún kú, relay á máa ta kì-kì-kì títí n ó fi sáré yọ ọ́. Wọ́n ní ayédèrú ni relay mi, mo ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ti tún kóòdù, ìtọ́ni tí Arduino ń tẹ̀ lé, kọ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹnì kan tún ní ground ni kò ní, kí n ri irin mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti ṣì í?"

Àbúrò mi, o káre fún ìtọ́jú ìyá rẹ. Ohun tó ń dùn ọ́ yé mi, torí pé ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ rárá sàn ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì tó sì ń dójú tini níbi tí a ti nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí ọ nínú yẹn gan-an ló máa tú àṣírí náà fún wa. Bí ó bá jẹ́ pé kóòdù rẹ ló burú, ì bá ti burú lórí tábìlì. Bí ó bá jẹ́ pé ayédèrú ni relay, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í jọ ṣàìsàn kan náà. Nítorí náà, fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ná, kí a bi ara wa pé: kí ló wà lẹ́bàá kànga tí kò sí lórí tábìlì? Ohun mẹ́ta ni mo rí. Pọ́ǹpù ń fa iná lọ́nà tí gílóòbù kì í gbà fà á. Ẹnu relay ń ta iná pàrà nígbà tó bá ń tan pọ́ǹpù àti nígbà tó bá ń pa á. Wáyà tó lọ sínú táńkì náà sì ti gùn, kì í ṣe wáyà kékeré orí tábìlì mọ́. Mo gbà pé ti àkọ́kọ́ ló ń ṣe ọ́ jù, àwọn méjì yòókù sì ń ràn án lọ́wọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan tó ti lọ́ mọ́ra lẹ́nu wa. Bí iná bá rẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí gílóòbù pọ́n bí ẹyin iná, tí fáànù ń yí bí ẹni tó ń sunkún, a máa ń ní "lo-kọ́rẹ́ńtì ni." Kì í ṣe kọ́rẹ́ńtì ló rẹlẹ̀ o, volt ni. Volt ni agbára tó ń ti iná gba inú wáyà. Kọ́rẹ́ńtì ni ìwọ̀n iná tó ń kọjá. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ, nítorí pé kọ́rẹ́ńtì tó pọ̀ jù ló ń bí volt tó rẹlẹ̀. Pọ́ǹpù horsepower 1 máa ń jẹ nǹkan bí amp 5 sí 6 nígbà tó bá ti ń sáré, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gbéra láti ìdúró, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún sí méje iye yẹn fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ka á sí amp 30. Wáyà tó ti orí òpó wá sínú ilé, tó tún ti inú ilé lọ sídìí kànga, ní ìdènà tirẹ̀. Bí gbogbo ìdènà náà bá jẹ́ ohm kan àti ààbọ̀ péré, amp 30 tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á jẹ volt 45 lójú ọ̀nà. Ilé tó ní volt 225 á di 180 ní ìṣẹ́jú yẹn. Ìyá rẹ á kàn rí i pé gílóòbù yàrá ṣẹ́jú. Àmọ́ sákíìtì rẹ ò ní kà á sí ìṣẹ́jú ojú lásán.

Mú pẹ́ńsù, kí a jọ ṣírò. Tránsfọ́mà volt 9 ń fúnni ní 9 nígbà tí iná tó wọ inú rẹ̀ bá jẹ́ 230. Bí iná bá di 180, 9 yẹn á di 7. Lẹ́yìn diode mẹ́rin àti capacitor, góńgó ìgbì náà ni a máa ń rí, ìyẹn 7 lọ́nà 1.41, tó jẹ́ nǹkan bí 9.9, diode méjì tí iná ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà á sì yọ nǹkan bí 1.4, ó ku 8.5. Ìwọ̀nyẹn ṣì dára lójú, nítorí pé 7805 nílò volt 7 ó kéré tán ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó lè fún ọ ní 5. Ṣùgbọ́n capacitor kì í dúró sí góńgó. Láàárín góńgó kan sí èkejì, òun nìkan ló ń bọ́ gbogbo ilé. Góńgó 100 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ̀lú iná 50 hertz tiwa. Relay rẹ ń jẹ nǹkan bí milliamp 70, Uno ń jẹ nǹkan bí 50, fi èérún LED (gílóòbù tíntìn) kún un, ó di 130. Pín 0.13 sí 100, kí o tún pín in sí 470 microfarad, wàá rí i pé volt yẹn ń jábọ́ tó nǹkan bí 2.7 kí góńgó kejì tó dé. Yọ 2.7 kúrò nínú 8.5, ó ku 5.8. 7805 ò rí 7 tó ń wá, volt 5 rẹ á já sílẹ̀ sí nǹkan bí 3.8, Arduino tó ń sáré 16 megahertz sì lè dojú rú. Nígbà tí iná bá pé 230, ìṣírò kan náà á fún ọ ní nǹkan bí 8.5 ní ìsàlẹ̀ jù lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní wàhálà kankan lórí tábìlì. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ rẹ. Ààyè tí o fi sílẹ̀ fún un ló kéré.

Wo bó ṣe wá ń yí po. Relay tan, pọ́ǹpù gbéra, iná ilé já, 7805 jọ̀gọ̀, Arduino dákú, ọwọ́ rẹ̀ tú lára transistor, relay sì já. Bí relay ṣe já, pọ́ǹpù dúró, iná ilé padà sípò, Arduino jí, ó wo táńkì, ó rí i pé omi ò tíì kún, ó tún tan relay. Kì-kì-kì tí o ń gbọ́ nìyẹn. Kóòdù tí o tún kọ lẹ́ẹ̀márùn-ún ń ṣe ohun tí o rán an gẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀márààrún ló ń jí bọ́ sínú ayé tuntun tí kò rántí pé òun ti tan pọ́ǹpù rí.

Mo ti sọ èyí bí ẹni pé mo fojú rí i, bẹ́ẹ̀ n ò sí ńbẹ̀. Nítorí náà, dán an wò kí o tó ná kọ́bọ̀. Nínú apá ìbẹ̀rẹ̀ kóòdù rẹ, ibi tó máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó bá jí, kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí LED tó wà ní ẹsẹ̀ 13 ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀márùn-ún kíákíá. Lẹ́yìn náà, so pọ́ǹpù, kí o sì tẹjú mọ́ LED yẹn, má wo relay. Bí ó bá ń ṣẹ́jú márùn-ún ní gbogbo ìgbà tí relay bá já, Arduino ń kú ó ń jí, ọ̀rọ̀ iná ni. Bí relay bá ń já tí LED ò ṣẹ́jú rárá, Arduino wà láàyè, ẹlòmíràn ló ń parọ́ fún un pé táńkì ti kún, ọ̀rọ̀ wáyà táńkì nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kejì, yọ wáyà volt 5 tó ń lọ sí Arduino, kí o fi power bank bọ́ ọ láti ẹnu USB rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ground wọn ṣì so pọ̀, kí tránsfọ́mà máa bọ́ relay nìkan. Má ṣe jẹ́ kí USB àti volt 5 láti 7805 jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ báyìí, a ti mú olè. Ẹ̀ẹ̀kẹta, yọ wáyà táńkì kúrò, fi wáyà kúkúrú kan ṣe bí ẹni pé táńkì gbẹ, kí o wò ó bóyá ó dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí nǹkan mẹ́ta pọ̀ tó sì rí ìwòsàn kò mọ èyí tó wo òun sàn, ọjọ́ tí àìsàn náà bá padà, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Má ṣe gbára lé mítà nìkan níbí o. Mítà tí gbogbo wa ń lò máa ń ṣe àròpọ̀ ohun tó rí, á sì pín in. Ìjábọ́ volt tí kò tó ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan á kọjá lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé nọ́ńbà náà mì. O lè fi mítà wọn volt 5, kí o rí 4.98, kí o búra pé iná dára. Bí mítà rẹ bá ní bọ́tìnnì tó ń tọ́jú nọ́ńbà tó rẹlẹ̀ jù, tẹ ẹ́, kí o sì fi í sí ẹnu ọ̀nà 7805, má fi í sí ẹnu àbájáde. Bí o bá rí osilosikópù, ẹ̀rọ tó ń ya bí volt ṣe ń lọ sókè sódò, yá, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti transistor, ohun méjì ni mo rí nínú lẹ́tà rẹ tó gbọ́dọ̀ yí padà, bí LED bá tiẹ̀ sọ nǹkan mìíràn. Resistor 10k ti pọ̀ jù. Iná tó ń gba inú rẹ̀ wọ ẹsẹ̀ àárín BC547 kò ju 0.43 milliamp lọ, o sì fẹ́ kí transistor yẹn fi ìyẹn gbé 70. Ó lè gbé e ní ọjọ́ kan, ó lè má gbé e ní ọjọ́ kejì, kò sì ní ṣí ẹnu rẹ̀ tán. BC547 fúnra rẹ̀, milliamp 100 ni òpin agbára rẹ̀. Ẹrù ìwọ ń sún mọ́ ọn lọ́rùn. Fi 2N2222 rọ́pò rẹ̀, kí o sì fi 680 ohm sí ẹsẹ̀ àárín rẹ̀: búlúù, eérú, bráwùn. Arduino á fún un ní nǹkan bí milliamp 6, ìyẹn kò wúwo fún ẹsẹ̀ Arduino rárá. Wo ètò ẹsẹ̀ 2N2222 tí o bá rà dáadáa, torí pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ló tò bákan náà, ẹsẹ̀ BC547 pàápàá lè yàtọ̀ sí i. Tún fi 10k kan láti ẹsẹ̀ Arduino yẹn lọ sí ground, kí relay má baà máa gbọ̀n nígbà tí Arduino bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ohun kejì ni pé o dárúkọ diode mẹ́rin, àwọn mẹ́rin yẹn sì wà lẹ́nu tránsfọ́mà. Ìyẹn ni pé kò sí ọ̀kan lórí okùn relay. Èyí ń kọ mí lóminú. Okùn tí a wé mọ́ irin kì í fẹ́ kí kọ́rẹ́ńtì dúró lójijì. Rò ó bí ọmọlanke tí wọ́n di iṣu kún tó ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkú: bí o bá na igi dí i lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní dúró jẹ́ẹ́, yóò fọ́ igi náà tàbí kí ó ya bàrá. Nígbà tí transistor bá pa relay, kọ́rẹ́ńtì tó ń sáré nínú okùn á wá ọ̀nà gbà, volt á sì ga lórí ẹsẹ̀ transistor kọjá ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ volt 45 ni BC547 lè fara dà. Diode kan ṣoṣo, 1N4007, tí a so mọ́ orí méjèèjì okùn relay, apá tó ní ìlà funfun sí volt 5, á fún un ní òpópónà tí yóò máa yí títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Owó rẹ̀ kò tó owó gúgúrú. BC547 tí o ti ń lò láìní i, jù ú nù. Bó bá tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ti fara gba ọfà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ground. Ẹni tó ní kí o ri irin mọ́lẹ̀ kò ní ète búburú, orúkọ náà ló ṣì í lọ́nà. Ground inú sákíìtì kì í ṣe ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀nà tí iná ń gbà padà sílé lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, kò sì sí iná tó ń jáde tí kì í padà. Fóònù inú àpò àti rédíò inú ọkọ̀ ní ground, irin kankan ò sì sí nínú ilẹ̀. Irin tí o bá rì kò ní dá volt 5 rẹ dúró. Ní Abẹ́òkúta tiwa yìí pàápàá, ibi tí òkúta Olúmọ ti ń yọ orí, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé bí o bá wa ilẹ̀ díẹ̀, o ti kan òkúta, òkúta gbígbẹ kì í sì í gbé iná dáadáa. Àmọ́ má ṣì mí gbọ́ o: ara pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ní wáyà ẹ́ẹ̀tì tó lọ sínú ilẹ̀, kí oníná tó mọṣẹ́ wọn ilẹ̀ náà kí ó sì fi ẹ̀rọ tó ń já iná ní kíákíá sí i. Èyí jẹ́ nítorí ẹ̀mí ìyá rẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ń tutù nínú aró láti òwúrọ̀ dalẹ́. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kì-kì-kì.

Ọ̀nà tí iná ń gbà padà sílé nínú sákíìtì ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí n kò lè gbàgbé. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ẹnì kan gbé ẹ̀rọ tí ń pa ẹyin di òròmọdìẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti Ọbáńtòkó. Òun ló ṣe é fúnra rẹ̀, ó sì mọ́ lójú. Ìwọ̀n ooru ló ń dà á láàmú: 37.5 ló wà lójú rẹ̀, bí relay gílóòbù bá tan, á fò sí 39 tàbí 40 lẹ́ẹ̀kan náà, relay á sì pa gílóòbù, á tún jábọ́ sí 37.5. Ooru kì í fò báyẹn. Mo pààrọ̀ LM35 tó ń wọn ooru, mo pààrọ̀ relay, mo tún apá kan kóòdù rẹ̀ kọ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ní ọjọ́ kẹta, mo yí bọ́ọ̀dù náà po lábẹ́ gílóòbù, mo wá rí wáyà dúdú kan tó tínrín bí irun ẹṣin, tó ti ọ̀dọ̀ LM35 wá, tó gba ibi relay kọjá, kó tó dé ẹnu tránsfọ́mà. Mo fi ẹnu mítà méjèèjì kan orí rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí relay kú, òdo. Nígbà tó tan, millivolt 21. LM35 ń sọ millivolt 10 fún ìwọ̀n kan. Millivolt 21 yẹn ni ooru ìwọ̀n méjì tí ń fò. Milliamp 70 relay ń gba ojú ọ̀nà kan náà padà sílé pẹ̀lú ohun tí LM35 ń sọ, ìdènà wáyà tínrín yẹn, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ohm kan, sì ń fi ẹrù relay kún ọ̀rọ̀ LM35. Mo gé e, mo so wáyà ground relay tó nípọn lọ tààrà sí ẹsẹ̀ capacitor ńlá, mo fún LM35 ní tirẹ̀. Nọ́ńbà náà dúró gangan, ó sì dúró títí tó fi gbé e lọ.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yẹn ni pé o gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tìrẹ. Ground relay, ground Arduino, ground wáyà táńkì, kí olúkúlùkù ní wáyà tirẹ̀ tí yóò lọ pàdé àwọn yòókù ní ẹsẹ̀ capacitor ńlá, ibi kan náà. Bí o bá ṣì wà lórí breadboard, pátákó oníhò tí a ń ki wáyà bọ̀, kúrò lórí rẹ̀. Breadboard dára fún ìdánwò orí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹnu irin inú rẹ̀ ń bàjẹ́ nínú ọ̀rinrin ẹ̀bá kànga, kò sì yẹ kí iná 230 sún mọ́ ọn rárá. Fi capacitor 100 nanofarad sí ẹ̀gbẹ́ 7805 ní ẹnu méjèèjì, kí ó sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n mọ́ àbúrò, kí o sì fi 470 microfarad sí ẹ̀gbẹ́ okùn relay.

Iná ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí o lo tránsfọ́mà volt 12 pẹ̀lú capacitor 1000 microfarad. Ṣe ìṣírò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ní 160 volt pàápàá, o ṣì máa ní nǹkan bí 9 ní ẹnu ọ̀nà 7805. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá pé, 7805 á máa sọ nǹkan bí volt 10 di ooru, nǹkan bí watt 1.3, o sì ní láti de é mọ́ irin tí ń gba ooru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa jó ọ lọ́wọ́, á sì máa pa ara rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ṣájà fóònù tó dára tí wọ́n kọ 100–240V sí lára. Òun kò bìkítà bóyá iná jẹ́ 230 tàbí 140, volt 5 kan náà ni yóò máa fún ọ. Ní àdúgbò tí iná ti ń rẹlẹ̀, èyí ni èmi á yàn. Àléébù rẹ̀ ni pé ayédèrú rẹ̀ kún ọjà, àwọn kan kò sì ní ìdábòbò tó yẹ láàárín 230 àti volt 5. Ra èyí tó wúwo lọ́wọ́ tí o sì mọ ibi tó ti wá, má ra ti ẹ̀gbẹ́ títì.

Relay rẹ kékeré yẹn, amp 10 ni wọ́n kọ sí i lára, pọ́ǹpù sì ń gbéra pẹ̀lú 30. Ẹnu rẹ̀ á máa jóná díẹ̀díẹ̀, tó bá yá á lẹ̀ pọ̀, pọ́ǹpù á máa ṣiṣẹ́ títí táńkì á fi ya. Jẹ́ kí relay kékeré tan contactor, ìyẹn relay ńlá tó lè gbé iná pọ́ǹpù, kí contactor tan pọ́ǹpù. Okùn contactor náà á ta iná pàrà, nítorí náà so resistor 100 ohm àti capacitor 0.1 microfarad tó jẹ́ irú X2, tí a kọ 275V AC sí lára, pọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí o sì fi í kọjá orí okùn rẹ̀. Má fi capacitor lásán tó bá ọ lọ́wọ́ síbẹ̀ o, ó lè gbiná. Ká sọ òótọ́, contactor tí a ṣe fún 230 náà lè máa gbọ̀n bí iná bá já kọjá bí 195, torí pé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣèlérí pé yóò gbà. N kò ní oògùn tí sákíìtì kékeré lè fi wo ìyẹn. Bí iná bá ti rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ rárá, okùn inú rẹ̀ á máa gbóná, á sì jó. Ra ẹ̀rọ tó ń já pọ́ǹpù nígbà tí volt bá rẹlẹ̀, kí o fi sí iwájú rẹ̀.

Wáyà táńkì kù. Méjì kò tó. Bí ibi kan ṣoṣo bá jẹ́ ààlà, omi tó ń já láti òkè á máa mì, á máa kan wáyà á máa fi í sílẹ̀, pọ́ǹpù á sì máa ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́. Lo mẹ́ta: ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan níbi tí o fẹ́ kí pọ́ǹpù tan, ọ̀kan níbi tí o fẹ́ kí ó kú. Kí wọ́n jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, kí Arduino sì máa fi iná sí wọn fún ìṣẹ́jú kúkúrú tó bá fẹ́ kà nìkan, torí pé volt 5 tó dúró sínú omi lójoojúmọ́ á jẹ irin náà tán láàárín oṣù díẹ̀. Má jẹ́ kí wáyà wọn sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà pọ́ǹpù, fi 10k àti 100 nanofarad sí ẹnu ọ̀nà wọn lórí bọ́ọ̀dù, kí o sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí o tó gbà á gbọ́.

Bí ìyá rẹ bá fẹ́ omi lọ́la, tí kò sì lè dúró de gbogbo èyí, ra float switch, swíìshì tó ń léfòó tí àwọn oníṣẹ́ omi ń fi sínú táńkì, so ó mọ́ okùn contactor, ó parí. Kò sí kóòdù nínú rẹ̀, kò sì ní ìrántí tó lè sọnù nígbà tí iná bá já. Ìwọ náà lè wá máa kọ́ tìrẹ lọ lórí tábìlì láìsí pé omi àdìrẹ dá lé e lórí. Tàbí kí o gbìyànjú 555, chip tí Hans Camenzind yà ní 1971: ó ní ààlà méjì nínú ara rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta volt rẹ àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, èyí tó bá ìlà ìsàlẹ̀ àti ìlà òkè táńkì mu gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n 555 náà nílò iná tó dúró, nítorí náà má rò pé sísá kúrò lọ́dọ̀ Arduino nìkan á wo tránsfọ́mà sàn.

Ohun kan wà tí n kò lè mọ̀ láti inú lẹ́tà: bóyá capacitor tó wà lára pọ́ǹpù náà ti kú. Bí ó bá ti kú, pọ́ǹpù kò ní gbéra, á kàn máa kùn ùùùn, á sì máa fa amp 30 yẹn láìdúró, kò sì sí ṣájà tàbí contactor tí yóò gbà á. Pa iná, yọ ẹ̀rọ rẹ kúrò, dá iná padà, kí o sì fi swíìshì lásán tan pọ́ǹpù. Bí ó bá gbéra kíákíá tí omi sì jáde, ó dára. Bí ó bá ń kùn, pè oníná kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣe ti LED ẹsẹ̀ 13 yẹn ní alẹ́, nígbà tí iná bá rẹlẹ̀ jù, kí o sì kọ̀wé sí mi iye ìgbà tó ṣẹ́jú.